Bí Ẹ Ṣe Lè Gba Orin Ọkẹ́sítírà Yín Sílẹ̀ ní Àkúrẹ́ tàbí Oǹdó: Ìwé, Owó àti Ọjọ́ Iṣẹ́

Ìbéèrè kan ṣoṣo ló ń wá léraléra lọ́dọ̀ àwọn tó ń kọ orin fún ọkẹ́sítírà ní Àkúrẹ́, Oǹdó àti agbègbè wọn: "Èló ló máa ná mi láti gba orin mi sílẹ̀?" Kò sẹ́ni tó lè dá yín lóhùn, àfi tí ẹ bá kọ́kọ́ sọ nǹkan méjì: ìṣẹ́jú mélòó ni orin náà, èèyàn mélòó ni yóò sì jókòó ti ohun èlò. Gbogbo ìnáwó yòókù, látorí gbọ̀ngàn dórí oúnjẹ, ẹ̀yìn nǹkan méjì yìí ló ń tọ̀. Orí ìwé sì ni owó ti ń jò jù, kì í ṣe inú gbọ̀ngàn. Ìdí nìyẹn tí ìtọ́sọ́nà yìí fi máa pẹ́ lórí ìwé àti ìṣirò kó tó dé ìdí máìkì.

## 1. Ẹ ka ìṣẹ́jú, ẹ ka orí

1. Ẹ fi aago wọn orin náà. Ẹ má gba iye ìṣẹ́jú tí kọ̀ǹpútà bá kọ fún yín; kọ̀ǹpútà kì í mí, èèyàn ń mí. Ẹ yan ìyára tí onífèrè lè fi fọn ún láìfi ẹ̀mí ṣeré, kí ẹ sì kọ ìṣẹ́jú abala kọ̀ọ̀kan sílẹ̀.
2. Ẹ fi 15 pín àpapọ̀ rẹ̀. Nínú ìjókòó oníwákàtí 3, tí a bá yọ ìgbà tí wọ́n ń yí ohùn pọ̀, ìsinmi àti àtúngbà kúrò, orin ìṣẹ́jú 15 tó parí dáadáa ni ẹ lè fọkàn sí. Bí àwọn olórin náà kò bá jọ ṣiṣẹ́ rí, 10 ni kí ẹ fi pín in.
3. Ẹ kọ ohun èlò kọ̀ọ̀kan àti iye èèyàn tó máa lò ó.

Àpẹẹrẹ tí a óò máa lò láti ibí lọ nìyí, orin ìṣẹ́jú 24 pẹ̀lú olórin 30:

- fayolíìnì kìíní 5, fayolíìnì kejì 4, fíólà 3, sẹ́lò 3, dọ́bù béèsì 1
- fúlúùtù 1, óbò 1, klarinẹ́ẹ̀tì 2, básúùnù 1
- họ́ọ̀nù 2, tírọ́ńpẹ́ẹ̀tì 2, tírọ́ḿbóònù 1
- tímpánì 1
- ìyáàlù 1, omele 1, ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ 1

Ìṣẹ́jú 24 kò lè wọ inú ìjókòó kan. Ìjókòó 2 ni.

Ẹ ṣọ́ra fún iye àwọn olókùn. Èèyàn méjì lórí ohùn kan ṣoṣo ló burú jù. Bí ìkan bá fi bín-ín-tín ga ju èkejì lọ, etí gbọ́ ọ kíá, máìkì sì gbọ́ ọ ju etí lọ. Ẹnì kan dára, mẹ́ta dára, mẹ́rin dára sí i. Bí ẹ bá rí fíólà méjì péré, ẹ jẹ́ kí ìkan ta ohùn náà, kí ẹ fi èkejì sí ibòmíràn.

Níbo ni ẹ ti máa rí wọn? Àwọn tó ń fọn fèrè idẹ kò wọ́n ní Àkúrẹ́ àti Oǹdó; ẹgbẹ́ Boys' Brigade àti ẹgbẹ́ afunfèrè àwọn ìjọ ni kí ẹ kọ́kọ́ lọ. Fún àwọn olókùn, ẹ wo ẹ̀ka ẹ̀kọ́ orin ní Yunifásítì Ẹ̀kọ́ Adéyẹmí ní Oǹdó, ti Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ní Ifẹ̀, àti ilé ẹ̀kọ́ orin MUSON ní Oníkàn, Èkó. Óbò, básúùnù àti họ́ọ̀nù ló ṣọ̀wọ́n jù. Nítorí náà, ibikíbi tí óbò bá ti dá orin gbé, ẹ fi nóòtì kéékèèké kọ ọ́ sínú ìwé klarinẹ́ẹ̀tì. Ti básúùnù, ẹ kọ ọ́ sínú ìwé sẹ́lò. Bí olóbò bá pè ní òru ọjọ́ tó ṣáájú pé ara òun kò yá, iṣẹ́ ò ní dúró.

## 2. Páàtì: ibi tí owó ti ń jò

Sìkọ́ọ̀ ni ìwé tí adarí orin ń wò; páàtì ni èyí tí olúkúlùkù olórin ń wò. Púpọ̀ nínú àwọn tó ń kọ orin máa ń ti ọwọ́ sìkọ́ọ̀ títí yóò fi dán, wọn a wá fi alẹ́ ọjọ́ kan tẹ páàtì. Àṣìṣe nóòtì kan péré lè gba ìṣẹ́jú 4 kí wọ́n tó rí i, kí wọ́n tó jiyàn lé e, kí wọ́n tó tún un kọ. Ìṣẹ́jú 4 lọ́nà 30 èèyàn jẹ́ 120: wákàtí iṣẹ́ méjì tí ẹ sanwó rẹ̀ lásán. Ẹ wá fojú inú wo àṣìṣe mẹ́wàá.

1. Ẹ yẹ àwọn ohun èlò tí ohùn wọn yàtọ̀ sí ohun tí a kọ wò. Klarinẹ́ẹ̀tì B♭ ń dún ní ìró kan sísàlẹ̀: bí ẹ bá fẹ́ gbọ́ C, D ló gbọ́dọ̀ wà lórí ìwé rẹ̀. Họ́ọ̀nù F ń dún sísàlẹ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ: fún C, G ni ẹ óò kọ. Ohun tó sábà ń ṣẹlẹ̀ ni pé ẹni tó kọ orin ti sọ sìkọ́ọ̀ di ohùn gidi kó lè rọ̀ ọ́ lọ́rùn láti kà, ó wá gbàgbé, ó tẹ páàtì jáde bẹ́ẹ̀. Ẹ mú kọ́ọ̀dù àkọ́kọ́ tí gbogbo èèyàn ti jọ dún, kí ẹ fi ìwé klarinẹ́ẹ̀tì àti ti họ́ọ̀nù wé e kí ẹ tó tẹ ohunkóhun.
2. Ẹ fi nọ́ńbà sí gbogbo báà (ìpín kéékèèké tí ìlà ìdúró ń pín orin sí lórí ìwé), kì í ṣe ìbẹ̀rẹ̀ ìlà nìkan. Nígbà ìgbàsílẹ̀, ohun tí adarí máa ń sọ ni "ẹ jẹ́ ká gba báà 57 sí 64". Nọ́ńbà sìkọ́ọ̀ àti ti páàtì gbọ́dọ̀ bára mu. Bí ẹ bá yọ báà kan nínú sìkọ́ọ̀, ẹ tún gbogbo páàtì tẹ̀.
3. Ẹ wo ibi tí wọ́n ti máa ṣí ojú ìwé. Ó gbọ́dọ̀ jẹ́ ibi tí olórin ti ń sinmi. Bí fayolíìnì bá wà láàárín orin nígbà tí ojú ìwé parí, ìdajì wọn yóò dákẹ́, ariwo bébà yóò sì wọ inú máìkì.
4. Ẹ má tẹ páàtì sórí A4 tí nóòtì rẹ̀ kéré bí èèrà. Ìlà márùn-ún náà ní láti fẹ̀ tó mìlímítà 7 látòkè délẹ̀. Bébà tó nípọn díẹ̀ ni kí ẹ lò, nítorí fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ máa ń pariwo, fáànù sì máa ń gbé e lọ. Ẹ fi téèpù lẹ̀ wọ́n pọ̀, ẹ má lo pín-ìnnì.
5. Ní ọ̀sẹ̀ 2 ṣáájú ìdánrawò, ẹ fún olórí fayolíìnì ní ìwé gbogbo àwọn olókùn kó sàmì sí ibi tí ọrun tí wọ́n fi ń ta okùn yóò ti lọ sókè àti ibi tí yóò ti wá sílẹ̀. Bí ẹ bá fi èyí di ọjọ́ ìgbàsílẹ̀, ìdajì wákàtí ti lọ nìyẹn.

Kò pọn dandan kí ẹ ra ètò kọ̀ǹpútà olówó ńlá. MuseScore jẹ́ ọ̀fẹ́, ó sì ń tẹ páàtì tó mọ́. Àmọ́ kò sí ètò kọ̀ǹpútà tó ń yẹ iṣẹ́ ara rẹ̀ wò. Ẹ wá ẹlòmíràn tó mọ orin kà, kí ẹ sanwó fún un, kó fi sìkọ́ọ̀ ka páàtì báà sí báà.

Ìwé àwọn onílù. Ọ̀pọ̀ onílù wa kì í ka nóòtì, ìyẹn kò sì dín ìmọ̀ wọn kù. Ẹ má fi ìlà márùn-ún dà wọ́n láàmú. Ẹ kọ ọ̀rọ̀ tí ìyáàlù yóò sọ sílẹ̀ pẹ̀lú àmì ohùn pípé, kí ẹ kọ iye báà tó máa fi dákẹ́ síwájú rẹ̀, kí ẹ sì fi ohùn orin náà ránṣẹ́ sí i lórí WhatsApp ní oṣù kan ṣáájú. Àmì ohùn kì í ṣe ọ̀ṣọ́ níbí: bí ẹ bá kọ "ọkọ" láìlámì, onílù ò ní mọ̀ bóyá ọkọ, ọkọ́ tàbí ọkọ̀ lẹ ń wí, èyí tó bá sì wù ú ló máa lù. Ohun kan náà ni fún kọ́yà bí orin yín bá ní kọ́yà.

Kí páàtì tó jáde:

- [ ] Ẹlòmíràn ti kà á pẹ̀lú sìkọ́ọ̀
- [ ] Klarinẹ́ẹ̀tì, họ́ọ̀nù àti tírọ́ńpẹ́ẹ̀tì wà ní ohùn tó yẹ
- [ ] Nọ́ńbà wà lórí gbogbo báà
- [ ] Ẹ̀dà méjì àfikún wà fún páàtì kọ̀ọ̀kan
- [ ] Gbogbo rẹ̀ wà lórí fóònù ẹlòmíràn ní PDF

## 3. Ìṣirò owó

Iye owó nǹkan ń yí padà lóṣooṣù, nítorí náà ẹ má fi náírà bẹ̀rẹ̀ ìṣirò. Ẹ fi ẹ̀yọ bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀yọ kan ni owó tí olórin kan ń gbà fún ìjókòó ìgbàsílẹ̀ kan. Ìdánrawò jẹ́ ààbọ̀ ẹ̀yọ. Fún àpẹẹrẹ olórin 30 wa, pẹ̀lú ìdánrawò 2 àti ìjókòó 2:

- Olórin 30: ẹ̀yọ 90
- Adarí orin: 8
- Àfikún olórí fayolíìnì: 2
- Ẹnjiníà pẹ̀lú máìkì àti ẹ̀rọ rẹ̀: 16
- Gbọ̀ngàn: 8
- Jẹnẹrétọ̀ àti epo: 4
- Ọkọ̀ àlọ àti àbọ̀, ibi ìsùn, oúnjẹ: 26
- Àyẹ̀wò àti títẹ páàtì: 6
- Míìsì (pípa ohùn gbogbo máìkì pọ̀) àti másítà (àtúnṣe ìkẹyìn kó tó jáde): 10
- Àpapọ̀: 170
- Ohun tí a kò retí, 15 nínú 100: 26
- Gbogbo rẹ̀: ẹ̀yọ 196

Àpẹẹrẹ ni, ẹ fi iye tí wọ́n bá pè fún yín rọ́pò wọn. Bí olórin bá ní ₦30,000 lòun ń gbà fún ìjókòó kan, 196 lọ́nà ₦30,000 jẹ́ ₦5,880,000. Bí ó bá di ₦40,000 kí ọjọ́ tó pé, ẹ kàn tún un sọ di púpọ̀ ni. Ẹ ò ní tún bẹ̀rẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀.

Ẹ wá wo agbára ìṣẹ́jú. Bí ẹ bá dín orin náà kù sí ìṣẹ́jú 14, ìdánrawò 1 àti ìjókòó 1 ti tó. Owó àwọn olórin yóò bọ́ láti ẹ̀yọ 90 sí 45. Ní ₦30,000, ẹ ti fi ₦1,350,000 pamọ́, a ò tíì sọ ti oúnjẹ àti gbọ̀ngàn. Ìgbàsílẹ̀ ìṣẹ́jú 14 tó dùn yóò ṣe yín láǹfààní ju ìṣẹ́jú 24 tí wọ́n sáré gbà lọ.

Ohun tí àwọn èèyàn máa ń gbàgbé ni owó ọkọ̀ àbọ̀, oúnjẹ àwọn tó ń gbé àga, owó míìsì, àti àwọn onílù tí wọ́n rò pé wọn yóò wá lọ́fẹ̀ẹ́. Ẹ san iye kan náà fún onílù àti oní-fayolíìnì. Ọ̀wọ̀ ni, ohun tó sì tọ́ ni.

## 4. Ibi tí owó yóò ti wá

Bí mo ṣe tò ó yìí ni kí ẹ tọ̀ ọ́.

Àkọ́kọ́, owó ara yín. Òun ni yóò san ti páàtì, ẹ̀yọ 6 yẹn, àti ti ohùn orin tí kọ̀ǹpútà kọ tí ẹ óò máa gbọ́ fún àwọn èèyàn. Ẹni tí kò tíì gbọ́ nǹkankan kì í dá owó.

Èkejì, ẹ ta àga. Olúkúlùkù onígbọ̀wọ́ yóò san ti àga kan: àga sẹ́lò, àga ìyáàlù, àga tírọ́ńpẹ́ẹ̀tì. Àwọn èèyàn wa fẹ́ràn rẹ̀, torí wọ́n lè tọ́ka sí i pé "àga tèmi nìyẹn." Àmọ́ ọ̀fìn kan wà níbẹ̀. Owó olórin kan jẹ́ ẹ̀yọ 3, ìyẹn ₦90,000 nínú àpẹẹrẹ wa. Bí ẹ bá ta àga ní ₦90,000, tí ẹ sì ta gbogbo ọgbọ̀n, kò ní sí kọ́bọ̀ fún gbọ̀ngàn, epo, ẹnjiníà àti míìsì. Gbogbo ìnáwó ni kí ẹ pín sí àga: 196 sí ọ̀nà 30, ìyẹn ₦196,000 fún àga kan. Ẹni tí apá rẹ̀ kò bá ká a lè wá ẹnìkejì kí wọ́n jọ gbé àga kan.

Ẹ̀kẹta, ẹgbẹ́ àti ìjọ. Ẹ má bèèrè ohun kan náà lọ́wọ́ gbogbo wọn. Ìjọ kì í sábà ní owó lọ́wọ́, ṣùgbọ́n ó ní gbọ̀ngàn, àga àti dùùrù; ẹ bèèrè ìwọ̀nyẹn, kí ẹ sì kọ iye tí wọn ì bá jẹ́ sínú ìṣirò yín kí ó hàn pé wọ́n dá nǹkan. Ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́-jáde lè gbé oúnjẹ àti ọkọ̀. Ẹ má lọ ní oṣù tí owó ilé-ìwé ń wọlé, ẹ má sì lọ ní ọ̀sẹ̀ ìkórè ìjọ. Ọwọ́ àwọn èèyàn ti dí.

Ẹ̀kẹrin, ìjọba àti ilé-iṣẹ́. Ẹ kọ lẹ́tà ní oṣù 6 ó kéré tán ṣáájú, kí ẹ gba ẹ̀dà tí wọ́n lu òǹtẹ̀ lé. Nínú ìṣirò yín, ẹ kọ òdo síwájú wọn títí owó yóò fi wọ báńkì.

Ẹ̀karùn-ún, àwọn àjọ tó ń ran iṣẹ́ ọnà lọ́wọ́. Irú àwọn bíi British Council àti Goethe-Institut ní Èkó máa ń ṣí ìlẹ̀kùn fún ètò iṣẹ́ ọnà lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Ohun tí irú àjọ bẹ́ẹ̀ sábà ń fẹ́ rí ni sìkọ́ọ̀, ohùn orin, ìṣirò owó, ètò oṣù sí oṣù àti lẹ́tà ẹni tó mọ iṣẹ́ yín. Púpọ̀ kì í san owó ohun tí ẹ ti ná ṣáájú ìwé ìfọwọ́sí. Oṣù 9 sí 12 ni kí ẹ fún wọn.

Lẹ́tà ìbéèrè kò gbọdọ̀ ju ojú ìwé kan lọ. Irú èyí ti tó:

> Ẹ kú iṣẹ́, sà. Ní ọ̀sẹ̀ kejì Lẹ́ńtì tó ń bọ̀, olórin 30 yóò jókòó ní Àkúrẹ́ láti gba orin ìṣẹ́jú 24 sílẹ̀ fún ọkẹ́sítírà àti ìyáàlù. Àga kan jẹ́ ₦196,000. A ń bẹ̀ yín kí ẹ gbé àga sẹ́lò kan. Orúkọ yín yóò wà nínú ìwé orin náà àti níbi tí a bá ti gbé e jáde, a ó sì fi ìṣirò bí a ṣe ná owó náà ránṣẹ́ sí yín láàárín ọgbọ̀n ọjọ́ lẹ́yìn iṣẹ́. Ẹ lè gbọ́ apá kan rẹ̀ lórí fóònù tí mo mú wá.

Ẹ wo ohun tí kò sí nínú rẹ̀: kò sí ìlérí èrè. Owó tó ń ti orí íntánẹ́ẹ̀tì wọlé fún irú orin yìí kéré. Kì í dá owó ìgbàsílẹ̀ padà. Ẹni tó bá fi owó sí i pẹ̀lú ìrètí èrè yóò di ọ̀tá yín lọ́dún tó ń bọ̀. Ìdí kan náà ni kò fi yẹ kí ẹ yá owó elé fún un, yálà lọ́wọ́ báńkì tàbí lórí fóònù.

Ọjọ́ ìpinnu. Ọ̀sẹ̀ 6 ṣáájú ìgbàsílẹ̀, ẹ ka owó tó wà ní báńkì, kì í ṣe èyí tí wọ́n ṣèlérí. Bí ó bá tó 70 nínú 100, ẹ tẹ̀síwájú. Bí kò bá tó, ẹ bọ́ sí ètò kejì, tí ẹ gbọ́dọ̀ ti kọ sílẹ̀ ṣáájú kí ojú tó kán yín. Ètò kejì tó dára jù nínú àpẹẹrẹ wa ni àwọn olókùn 16 pẹ̀lú ìyáàlù: ẹ̀yọ 51 dípò 90. Kì í ṣe ohun ìtìjú. Ohun èlò olókùn àti háàpù ni Fela Sowande kọ African Suite fún. Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́dọ̀ ti tún orin náà tò fún wọn pẹ̀lú páàtì tirẹ̀. Ẹ ò lè kàn yọ àwọn onífèrè kúrò kí ẹ sì retí pé kò ní lójú ihò.

Ẹ ṣí akáǹtì ọ̀tọ̀ fún iṣẹ́ náà, kí èèyàn méjì máa fọwọ́ sí i. Owó onígbọ̀wọ́ àti owó ọbẹ̀ kì í gbé inú akáǹtì kan.

## 5. Ọjọ́ àti ibi

Ẹ yẹra fún àárín oṣù 12 sí oṣù 1: ọyẹ́ máa ń gbẹ igi fayolíìnì, kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ a máa yọ̀, ètè àwọn afunfèrè a sì máa là. Láàárín oṣù 6 sí 9, òjò lórí páànù yóò bo gbogbo rẹ̀ mọ́lẹ̀. Àkókò tí mo fẹ́ràn jù ni ọ̀sẹ̀ mẹ́ta àkọ́kọ́ Lẹ́ńtì. Púpọ̀ nínú àwọn ìjọ Áńgílíkà kì í so ìgbéyàwó pọ̀ nígbà náà, nítorí náà gbọ̀ngàn máa ń ṣófo, àwọn olórin a sì ráyè kí Ọ̀sẹ̀ Mímọ́ tó kó wọn lọ.

Nínú ọ̀sẹ̀, ọjọ́ Ajé sí Ọjọ́rú ló dára. Ọjọ́bọ̀ ni àìsùn, ọjọ́ Ẹtì ni ìsìnkú, Àbámẹ́ta ni òde, gbohùngbohùn sì wà ní gbogbo wọn.

Bí Àkúrẹ́ ni, ẹ béèrè ọjọ́ ọdún Ulefunta kí ẹ tó dá ọjọ́. Nígbà tí Déjì, ọba Àkúrẹ́, bá wọlé fún ọjọ́ méje, a kì í lùlù nígboro. Ẹni tó bá ní ìyáàlù nínú orin rẹ̀ kò gbọdọ̀ ṣèṣì.

Fún gbọ̀ngàn, ẹ lọ síbẹ̀ ní ọjọ́ àti wákàtí tí ẹ máa lò ó gan-an. Ẹ jókòó fún ìdajì wákàtí, kí fóònù máa gba ohùn. Ẹ pàtẹ́wọ́ lẹ́ẹ̀kan: bí ohùn náà bá ń ta padà pá-pá-pá láti ara ògiri, ẹ wá ibòmíràn; bí ó bá rọra ń parẹ́, ẹ ti rí i. Ilé ìjọsìn àtijọ́ tó ní òrùlé gíga sábà ń dára ju gbọ̀ngàn àríyá lọ. Dome ní Àkúrẹ́ lẹ́wà, ṣùgbọ́n ó tóbi jù fún èèyàn 30.

Bí púpọ̀ nínú àwọn olórin yín bá ń ti Èkó bọ̀, ẹ ro ti Oǹdó dáadáa. Ọ̀rẹ̀ ni wọn yóò gbà, wọn yóò sì dé Oǹdó kí wọ́n tó dé Àkúrẹ́. Ẹ ti gé ọ̀nà tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó kìlómítà 50 kù lẹ́ẹ̀kan. Níbikíbi tó bá jẹ́, ọjọ́ tó ṣáájú ni kí wọ́n ti dé. Ẹni tó bá sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀ ní aago mẹ́sàn-án kò lè fọn họ́ọ̀nù ní aago mẹ́wàá.

## 6. Ọjọ́ ìgbàsílẹ̀

Iná ni kí ẹ kọ́kọ́ tọ́jú. Ẹ má dúró de iná ìjọba. Bí ó bá lọ tí ó sì dé láàárín orin, ìró ìyípadà náà yóò wọ inú gbogbo máìkì. Ẹ fi jẹnẹrétọ̀ ṣe gbogbo iṣẹ́ náà, kí ó jìnnà tó mítà 30, lẹ́yìn ògiri. Kọ̀ǹpútà àti ẹ̀rọ ìgbohùn ni kí ó wà lórí ínfátà, kí wọ́n má bá amúlétutù pín wáyà kan.

Amúlétutù náà gan-an nìṣòro. Bí ẹ bá pa á nítorí ariwo, ilé yóò gbóná. Bí ilé bá ṣe ń gbóná, ohùn fèrè ń gòkè, ti okùn ń wálẹ̀, wọn ò sì ní bára mu mọ́. Ẹ tàn án ní wákàtí 2 ṣáájú, ẹ pa á nígbà tí ẹ bá ń gbà, ẹ tún tàn án nígbà ìsinmi, kí wọ́n sì yí ohùn pọ̀ lẹ́yìn ìsinmi kọ̀ọ̀kan. Nóòtì A ní 440 Hz ni kí wọ́n mú.

Ẹnjiníà: máìkì 3 lókè orí adarí, bíi mítà 3 sí ilẹ̀, ni ìpìlẹ̀, 2 sí ẹ̀gbẹ́, ìyókù sí ìdí onífèrè, dọ́bù béèsì, tímpánì àti ìyáàlù. Kó gbà á ní 24-bit, 48 kHz.

Wákàtí 3 náà:

1. Ìṣẹ́jú 20: yíyí ohùn pọ̀. Ibi tó pariwo jù nínú orin ni kí wọ́n kọ́kọ́ fọn, kí ẹnjiníà lè ṣètò máìkì rẹ̀.
2. Ìṣẹ́jú 65: abala tó nílò gbogbo èèyàn, àti ibi tí tírọ́ńpẹ́ẹ̀tì ti lọ sókè jù. Ètè kì í dúró de ìrọ̀lẹ́.
3. Ìsinmi ìṣẹ́jú 20.
4. Ìṣẹ́jú 60: àwọn abala kéékèèké, ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ bá parí kó máa lọ.
5. Ìṣẹ́jú 15: àtúngbà ibi tí ẹ kọ sílẹ̀ pé kò dáa.

Ẹnì kan kò gbọdọ̀ ṣe iṣẹ́ mìíràn ju kó jókòó ti sìkọ́ọ̀ pẹ̀lú pẹ́ńsù lọ. Kí ìgbà kọ̀ọ̀kan tó bẹ̀rẹ̀, kó pe nọ́ńbà rẹ̀ sókè: "Abala kejì, ìgbà kẹta." Kó máa sàmì sí báà tó dára àti èyí tó bàjẹ́. Òun ni yóò sọ bóyá gbogbo báà ti ní ìgbà kan tó mọ́ kí àwọn èèyàn tó tú ká. Ẹ̀yin tí ẹ kọ orin náà ẹ má ṣe iṣẹ́ yìí. Ohun tó wà lọ́kàn yín lẹ ó máa gbọ́, kì í ṣe ohun tí wọ́n fọn.

Nígbà tí orin bá parí, kí ẹnikẹ́ni má mira fún ìṣẹ́jú-àáyá 5. Ẹ tún gba ìdákẹ́jẹ́ gbọ̀ngàn náà fún ìṣẹ́jú-àáyá 30. Ẹni tó ń míìsì yóò fi lẹ̀ ojú ibi tó bá gé.

Ìyáàlù ńkọ́? Bí ìlù náà bá ń bá ọkẹ́sítírà sọ̀rọ̀, inú ilé kan náà ni kí wọ́n wà, kí onílù jókòó sẹ́yìn. Bí ó bá kàn ń mú ìgbà ni, ẹ gbà á lọ́tọ̀ lẹ́yìn náà pẹ̀lú ìró aago ní etí rẹ̀. Awọ máa ń rọ̀ bí afẹ́fẹ́ bá tutù. Ẹ jẹ́ kó rí oòrùn díẹ̀ ṣáájú.

## 7. Bí kò bá ṣeé ṣe báyìí

Olórin díẹ̀, ìgbà púpọ̀. Oní-fayolíìnì 4 lè ta ohùn kan náà nígbà 3 kó dà bíi 12. Ẹ gbọ́dọ̀ yí àga wọn padà nígbà kọ̀ọ̀kan, kí ẹ sún máìkì sẹ́yìn. Bí ẹ kò bá ṣe bẹ́ẹ̀, àléébù kan náà ni yóò di mẹ́ta.

Òkè òkun. Ní Budapest, Prague, Bratislava àti Skopje, àwọn ọkẹ́sítírà wà tó ń gba orin sílẹ̀ fún ẹni tó wà nílé, wákàtí sí wákàtí ni wọ́n sì ń gba owó. Ẹ béèrè bóyá iye náà kó gbọ̀ngàn, ẹnjiníà, adarí àti ẹ̀tọ́ àwọn olórin pọ̀. Ní ìgbà òtútù, aago wọn àti tiwa jẹ́ ọ̀kan. Ní ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn wọn, wọ́n fi wákàtí 1 ṣáájú wa. Ẹ kọ ìlù kónkóló sílẹ̀ pẹ̀lú ìsọpọ̀ nóòtì tó ṣe kedere, nítorí wọn kò gbọ́ ọ rí. Ìyáàlù ẹ óò gbà nílé.

## 8. Lẹ́yìn iṣẹ́

- Kí ẹnikẹ́ni tó jáde ní gbọ̀ngàn, ẹ̀dà 3: kọ̀ǹpútà ẹnjiníà, díìsì yín, àti díìsì kẹta tí yóò sùn nílé ọ̀tọ̀.
- Kí ìjókòó tó bẹ̀rẹ̀ ni kí olúkúlùkù ti fọwọ́ sí ìwé pé òun gbà kí wọ́n lo ohùn òun àti iye tí òun gbà. Lẹ́yìn tí orin bá ti jáde, ìjiyàn ni.
- Onílù tó bá fi ọ̀rọ̀ ara rẹ̀ sínú orin ní ìpín nínú rẹ̀. Ẹ kọ ìpín náà sílẹ̀ ní nọ́ńbà.
- Bí ẹ bá tún orin ẹlòmíràn tò, ẹ gbàṣẹ. Lábẹ́ òfin ẹ̀tọ́ àdàkọ ti 2022, ẹ̀tọ́ náà wà títí ọdún 70 lẹ́yìn ikú ẹni tó kọ ọ́.
- Ẹ fi orin náà sílẹ̀ lọ́dọ̀ Nigerian Copyright Commission, kí ẹ sì forúkọ sílẹ̀ ní MCSN, ẹgbẹ́ tó ń bá àwọn tó kọ orin gba owó ẹ̀tọ́ wọn. Ẹ gba nọ́ńbà ISRC, èyí tí wọ́n fi ń dá ìgbàsílẹ̀ kọ̀ọ̀kan mọ̀, fún abala kọ̀ọ̀kan kó tó lọ sórí íntánẹ́ẹ̀tì.
- Ẹ fi ohùn míìsì ránṣẹ́ sí adarí àti olórí fayolíìnì kí ẹ tó gbà á. Ẹ gbọ́ ọ nínú ọkọ̀, lórí fóònù, àti lórí sípíkà ńlá.
- Ní ọgbọ̀n ọjọ́, ẹ fi ìṣirò ránṣẹ́ sí gbogbo onígbọ̀wọ́, pẹ̀lú rìsíìtì, pẹ̀lú fọ́tò àga tí kálukú wọn gbé àti olórin tó jókòó lórí rẹ̀.